Anton Raaff, Àgbà Akọrin Tí Ohùn Rẹ̀ Ń Lọ

Àwọn tí wọ́n ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé ohùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè tì mọ́ inú àpótí. Ẹni tí ó ní owó lè fi í pamọ́ sí báńkì, ẹni tí ó ní ilẹ̀ lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ohùn tí ó dùn ń bá ara gbó ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin ará Jámánì kan fún yín lónìí, ẹni tí ń jẹ́ Anton Raaff. Tẹ́nọ̀ ni, ìyẹn ni pé ohùn ọkùnrin tí ó ga ni ó ń kọ. Ó kọrin ní ààfin àwọn ọba Yúróòpù fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, ó sì di olùkọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ ni bí ó ti hùwà nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tán, àti bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti hùwà sí i.

Ní abúlé Gelsdorf, lẹ́bàá ìlú Bonn, ni wọ́n ti bí Raaff. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1714 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Iṣẹ́ àlùfáà ni wọ́n ti yàn fún un, ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà Jẹ́súítì ní Bonn ni ó sì ti ń kàwé. Ní ayé ìgbà náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Cologne ni olórí ìjọ, òun kan náà ni ó sì ń ṣàkóso ilẹ̀ náà bí ọba, tí ààfin rẹ̀ wà ní Bonn. Clemens August ni ó wà ní ipò yìí nígbà tí òkìkí ohùn ọmọ ilé-ìwé náà kàn dé ààfin. Ó gbé ìnáwó rẹ̀, ó rán an lọ sí Munich lọ́dọ̀ Giovanni Ferrandini, lẹ́yìn náà ó lọ sí Bologna ní ilẹ̀ Ítálì. Bí ọ̀nà pẹpẹ ti yí padà sí ọ̀nà gbọ̀ngàn eré nìyẹn. Síbẹ̀ Raaff jẹ́ olùfọkànsìn ènìyàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pin.

Ní Bologna, ọwọ́ Antonio Bernacchi ni ó bọ́ sí. Bernacchi fúnra rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Francesco Antonio Pistocchi, ẹni tí ó sọ ìlú náà di ibi tí àwọn akọrin ti ń wá ìmọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò gbára lé ariwo. Èémí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: akọrin gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ná èémí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a dé òpin oṣù. Yóò mú nóòtì kan ní jẹ́jẹ́, kí ó máa kún bọ̀, kí ó sì tún padà lọ sílẹ̀ láìgbọ̀n. Yóò kọ́ bí a ti ń so nóòtì kan mọ́ èkejì láìsí àlàfo, àti bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ èémí yìí, nítorí yóò padà wá nínú ìtàn wa.

Raaff padà sí Bonn ní nǹkan bí ọdún 1742, ṣùgbọ́n ayé kò jẹ́ kí ó jókòó. Ní 1749 ó wà ní Vienna. Ní 1752 ó lọ kọrin ní Lisbon, ìlú ọba àwọn Potogí. Ní 1755 ó kọjá sí Madrid, níbi tí Farinelli, akọrin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ayé ìgbà náà, ti ń ṣe àbójútó eré orin ààfin. Nígbà tí ọba mìíràn jẹ ní 1759, tí wọ́n sì dá Farinelli dúró, Raaff bá a lọ sí Naples. Ní ìlú yìí ni Johann Christian Bach ti kọ orin fún un. Ọmọ Bach ńlá tí gbogbo onídùùrù mọ̀ ni ọkùnrin yìí. Ó di ọmọ Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì tẹ dùùrù ní Katidírà Milan. Ní 1762, nínú ọ́pẹ́rà tí a ń pè ní Alessandro nell'Indie, Bach kọ orin àdákọ kan fún Raaff tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Non so d'onde viene. Orin náà di ti Raaff bí orúkọ rẹ̀ ti jẹ́ tirẹ̀.

Ìtàn kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń sọ nípa àkókò tí ó fi wà ní Ítálì. Wọ́n ní obìnrin ọlọ́lá kan, ìyàwó ọmọ-aládé Belmonte-Pignatelli, pàdánù ọkọ rẹ̀, ìbànújẹ́ náà sì dì sí i nínú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sunkún. Nígbà tí Raaff kọrin níwájú rẹ̀, omijé bọ́, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bí ìtàn náà bá ní àbùmọ́, ó ṣì fi hàn wá irú agbára tí àwọn ènìyàn rí nínú ohùn ọkùnrin yìí nígbà tí ó wà ní kíkún.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Ní 1770, Raaff wọ iṣẹ́ Karl Theodor, ẹni tí ń ṣàkóso láti ìlú Mannheim ní Jámánì, tí àwọn onílù àti onífèrè ààfin rẹ̀ wà lára àwọn tí ó dára jù ní Yúróòpù. Ọmọ ọdún 56 ni Raaff nígbà náà. Ní ọdún méje lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní ọdún 1777, wọ́n ṣe ọ́pẹ́rà kan ní èdè Jámánì níbẹ̀, Günther von Schwarzburg, tí Ignaz Holzbauer kọ orin rẹ̀. Raaff ni ó ṣe Günther. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ń parí lọ, àlejò kan wọ Mannheim pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ń wá iṣẹ́. Ọmọ ọdún 21 ni. Wolfgang Mozart ni orúkọ rẹ̀.

Mozart gbọ́ eré náà, ó sì kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ ní Salzburg. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní bí ẹni tí ó gbọ́ Raaff kò bá yára rán ara rẹ̀ létí pé tẹ́nọ̀ olókìkí ayé àtijọ́ nìyí, ẹ̀rín ni onítọ̀hún yóò bú sí. Ẹ̀yin òbí, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni? Ọmọ tí etí rẹ̀ pé, tí ẹnu rẹ̀ sì mú, tí kò tíì rí ọjọ́ tí nǹkan yóò kọ̀ fún òun náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ó mú kí ìtàn yìí wú wa lórí. Ní oṣù Kejì ọdún 1778, Mozart pinnu láti kọ orin fún àgbàlagbà yìí. Ó kọ́kọ́ mú àwọn ọ̀rọ̀ Non so d'onde viene, èyí tí Bach ti lò, ó ní òun yóò tún un kọ fún Raaff. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ orin náà ga ju ohun tí ohùn Raaff lè gbé lọ. Ó gbé e fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Aloysia Weber, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn fún àgbà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn ọ̀rọ̀ tí Raaff ti ń kọ tẹ́lẹ̀ nínú orin mìíràn, kí ó lè rọrùn fún un láti kọ́. Se al labbro mio non credi ni wọ́n ń pe orin tuntun náà.

Mozart mú orin náà lọ bá a, ó ní kí ó sọ òótọ́ bí kò bá bá a lára mu, nítorí òun ṣe tán láti yí i padà tàbí láti kọ òmíràn. Raaff ní rárá, orin náà dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni òun ní, kí ó bá òun gé e kúrú díẹ̀, nítorí òun kò lè gbé ohùn dúró pẹ́ mọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọkùnrin tí ó kọ́ nípa èémí lọ́dọ̀ Bernacchi, tí àwọn ọba mẹ́rin-márùn-ún ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ni ó ń sọ fún ọmọ tí ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé èémí òun kò tó mọ́. Mozart dá a lóhùn pé tayọ̀tayọ̀ ni òun yóò gé e, pé òun ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó gùn, nítorí gígé rọrùn ju fífi kún un lọ. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tí Raaff kọ apá kejì orin náà tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó la ojú sílẹ̀ wo ọmọ náà, ó ní apá yìí mà dára o! Ó sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni Mozart kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ kí orin bá akọrin mu bí aṣọ tí wọ́n rán dáadáa ti í bá ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́ mu.

Ẹni tí ó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín ní oṣù Kọkànlá ni ó ń wọn àgbà láṣọ ní oṣù Kejì. Bí télọ̀ bá mú ìwọ̀n ọdún ogún sẹ́yìn rán agbádá fún bàbá arúgbó, ó ti dójú tì í nìyẹn. Bí ó bá sì kọ̀ láti rán aṣọ fún un nítorí pé ara rẹ̀ ti yí padà, ìyẹn náà burú. Ìwọ̀n ara tí bàbá wà nísinsìnyí ni aránṣọ gidi ń mú.

Ní ọdún kan náà, àwọn méjèèjì tún pàdé ní Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Raaff kọ orin Bach rẹ̀ nínú eré orin tí wọ́n ń pè ní Concert Spirituel. Mozart tún kọ̀wé sílé. Ó ṣì rí àbùkù: ó ní Raaff ń fa orin jẹ́jẹ́ ní àfàjù. Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ yóò ti gba ọkàn àwọn ènìyàn, ó sì yìn ín fún bí ó ti ń pe ọ̀rọ̀ ketekete. Ìyá Mozart fẹ́ràn bàbá náà gidigidi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni Raaff ń bẹ̀ wọ́n wò nínú ilé àlejò wọn, ó ń pe obìnrin náà ní ìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dàgbà jù. Ó wá lọ́jọ́ kan láti kọrin fún un nìkan, orin àdákọ mẹ́ta gbáko.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1778, tí í ṣe ọjọ́ Àjọ̀dún Ara Kristi, wọ́n lu orin ńlá tí Mozart kọ fún àwọn ará Paris. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, nítorí ìdánrawò ti burú. Raaff ni ó dúró tì í nínú gbọ̀ngàn. Orin náà yọrí sí rere, Mozart sì lọ ka Rósárì tí ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, ìyá rẹ̀ kú ní ìlú àjèjì náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin òkú ní àjò rí mọ ohun tí ó jẹ́ kí ẹnì kan ti máa wá sọ́dọ̀ aláìsàn kí ó tó lọ. Orin tí Raaff kọ fún obìnrin yìí kò sí nínú ìwé eré kankan, kò sì sí ẹni tí ó sanwó rẹ̀. Bóyá òun ni ó wúlò jù nínú gbogbo èyí tí ó kọ ní ọdún náà.

Karl Theodor ti jogún ilẹ̀ Bavaria ní àkókò yìí, ààfin rẹ̀ sì ti kúrò ní Mannheim lọ sí Munich. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe Mozart ní 1780 láti wá kọ ọ́pẹ́rà Idomeneo. Àlùfáà kan, Giambattista Varesco, tí ó jẹ́ àlùfáà ààfin Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Salzburg, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàn náà jọ ti Jẹ́fútà nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́: ọba kan wà nínú ìjì lórí òkun, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá gúnlẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí òun bá rí ni òun yóò fi rúbọ. Ọmọ rẹ̀ ni ó rí. Raaff, ẹni ọdún 66, ni ó ṣe ọba náà.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Mozart kọ̀wé pé Raaff dúró bí ère lórí ìtàgé, ó sì tún kọ ọ́ pé ènìyàn dáadáa ni, olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n àṣà àtijọ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù ju ohun tí ara lè gbà lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wọn. Èkíní ni ti orin àdákọ tí ó kẹ́yìn. Raaff ṣàkíyèsí pé nínú gbólóhùn kan, fáwẹ́lì “i” pọ̀ jù, ó tó márùn-ún. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò nínú ilé yín: ẹ fi “a” gbé ohùn sókè, kí ẹ tún fi “i” gbé e. Ẹnu yóò há mọ́ “i”, ohùn yóò sì fún. Ojú olùkọ́ ohùn ni ó fi rí i, Mozart sì gbà pé ó ní òtítọ́ nínú. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.

Èkejì ni ti orin ẹlẹ́ni-mẹ́rin. Raaff ṣàròyé pé kò sí ibi tí òun ti lè na ohùn òun nínú rẹ̀. Ní ibí yìí, Mozart kò gbà. Ó dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé nínú orin àdákọ òun ti sin ín, òun yóò sì tún sin ín, ṣùgbọ́n nínú orin tí ènìyàn mẹ́rin ń kọ pọ̀, ẹni tí ó kọ orin ni ó gbọ́dọ̀ pàṣẹ, àti pé òun kò ní yí nóòtì kan ṣoṣo padà. Àgbà náà gbà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánrawò rẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé òun ni òun ṣi ọ̀rọ̀ náà rò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọ̀rọ̀ fáwẹ́lì, àgbà ni ó rí i, ọ̀rọ̀ orin àjùmọ̀kọ, ọmọdé ni ó rí i.

Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1781 ni eré náà jáde ní Munich, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Mozart pé ọmọ ọdún 25. Eré ti gùn jù, nítorí náà wọ́n ti yọ orin àdákọ ìkẹyìn náà, èyí tí wọ́n jà fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, kúrò kí ọjọ́ náà tó pé. Ọba Idomeneo ni ipa ńlá tí ó kẹ́yìn ìrìn-àjò Raaff lórí ìtàgé.

Lẹ́yìn èyí, kíkọ́ni ni ó kù. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà tí ó ti wà ní Mannheim, níbi tí Ludwig Fischer, akọrin oníbáàsì, ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1782, ní Vienna, Fischer yìí ni ó kọ́kọ́ ṣe Osmin nínú ọ́pẹ́rà Mozart mìíràn, Die Entführung aus dem Serail. Mozart tún mú ìwọ̀n ara akọrin: ó kọ nóòtì tí ó lọ sílẹ̀ jìnnà fún un, nítorí ó mọ̀ pé ohùn náà lè dé ibẹ̀. Ẹ ka okùn náà pẹ̀lú wa: Pistocchi kọ́ Bernacchi, Bernacchi kọ́ Raaff, Raaff kọ́ Fischer. Tẹ́nọ̀ ni Raaff, báàsì ni Fischer. Ìyẹn ni pé Raaff kò gbé ohùn tirẹ̀ lé ọmọ náà lórí; èémí àti ìlànà ni ó fún un, kí ó fi gbé ohùn tí Ọlọ́run fi fún òun náà.

Raaff kọ́ àwọn ènìyàn ní orin ní Munich pẹ̀lú. Ní 1787, tẹ́nọ̀ kan láti Ireland, Michael Kelly, ẹni tí ó ti kọrin nínú ọ́pẹ́rà Mozart ní Vienna ní ọdún tí ó ṣáájú, kọjá ní ìlú náà, ó sì bẹ àgbà náà wò. Raaff ti lé ní 70 ọdún. Ó kọ Non so d'onde viene fún àlejò rẹ̀, orin ọdún 1762. Kelly kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn náà ti bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti ń gbé nóòtì dúró àti mímọ́ ìlànà orin rẹ̀ kò tíì kúrò. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1797 ni Raaff kú ní Munich, ní ẹni ọdún 83. Mozart, ọmọ tí ó rán orin fún un, ti ṣáájú rẹ̀ lọ láti ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1791, kò sì ju ọmọ ọdún 35 lọ.

Ẹ̀yin ará, ní ọ̀pọ̀ ìjọ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní àjò, àwọn bàbá àti ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ orin Yorùbá lórí, tí wọ́n mọ ibi tí àmì ohùn ọ̀rọ̀ wà kí orin má baà yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ohùn wọn ti ń gbọ̀n. Àwọn ọmọ tí a bí sí ìhín lè ka nóòtì, wọ́n sì lè tẹ dùùrù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò lè pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ. Bí àgbà bá rọ̀ mọ́ àga iwájú títí èémí fi tán, kí ni yóò ṣẹ́kù? Bí ọmọ bá fi ẹ̀rín lé àgbà kúrò, ta ni yóò sọ fún un pé gbólóhùn náà kò bá ẹnu mu?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe tijú láti sọ pé kí wọ́n gé orin kúrú fún yín, kí ẹ sì fi àkókò tí ó kù kọ́ ọmọ kan, ó kéré tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú téèpù ìwọ̀n yín dání. Ẹ wọn àwọn àgbà yín bí wọ́n ti rí lónìí, kí ẹ rán ohun tí ó bá wọn mu. Níbi tí ó bá jẹ́ orin gbogbo wa, kí olúkúlùkù dín ohùn tirẹ̀ kù kí a lè gbọ́ ti ẹnì kejì.